A Jọ Gbin Òwú

Láti Kpankou títí dé Adakplamè, ẹni tó bá ní òun kò gbọ́ ohùn Adéoyin rí, àlejò ni. Obìnrin náà ti lé lọ́gọ́ta ọdún, eyín iwájú rẹ̀ kan ti dágbére, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu lé orin lóko òwú, àwọn tó wà lóko kejì á dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Òun náà sì mọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí a bá yìn wọ́n, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á ní kò tó bẹ́ẹ̀. Adéoyin kì í ṣe irú wọn. Bí o bá ní ohùn rẹ̀ dùn, á wò ọ́ lójú, á ní, "Ó dùn lóòótọ́."

Àmọ́ òun nìkan kọ́ ló ń kọ orin náà. Òun àti Ràhámọ̀tù ìyáálé rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá dé oko, wọ́n á mú poro méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi àràbà, èkejì á lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì, lójú ọ̀nà Idigny. Bí wọ́n bá ti ń ká òwú bọ̀, Adéoyin á máa lé, Ràhámọ̀tù á máa gbè. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ara wọn. Bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ra, ohùn á máa rẹlẹ̀, títí wọ́n á fi pàdé láàárín oko tí orin náà á ti dà bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bára wọn sọ. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Séidou ọkọ wọn kú, wọn kò dá a dúró. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n fọ́n ká lọ sí Kútọnu àti Àjàṣẹ́, wọn kò dá a dúró. Àfi ọdún yìí tí orúnkún Ràhámọ̀tù kọ̀ láti lọ sóko.

Raïssa, ọmọ Adéoyin tó ṣì wà nílé, ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin olóko òwú. Òun ló ní kí wọ́n gba orin ìyá òun sílẹ̀ dáadáa ní sitúdíò ní Kétu, kí wọ́n lè fi ṣí ìpàdé ńlá tí ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe ní Kpankou ìlú wọn lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí àwọn obìnrin Idigny àti Adakplamè yóò ti wá. Adéoyin kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó fi gbà. Ó wẹ̀, ó wọ bùbá tó fi ṣe ọdún Iléyá, ó sì gun àlùpùpù zẹ́mì lọ sí Kétu. Ràhámọ̀tù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ mú, ó ní, "Ìyàwó, lọ kọ ọ́ fún wọn bí a ṣe ń kọ ọ́."

Rodolphe ló ni sitúdíò náà. Ọmọ Abọ́mẹ̀ ni, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó gbọ́ Fọ̀n, ó gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n èdè Kétu tó gbọ́ kò ju èyí tí wọ́n fi ń kí èèyàn àti èyí tí wọ́n fi ń ra iṣu lọ. Fọ̀n tí Adéoyin kọ́ lọ́jà ni àwọn méjèèjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti lẹ páálí ẹyin mọ́ gbogbo ara ògiri kí ariwo ọ̀nà má bàa wọlé. Ó fi nǹkan bo Adéoyin létí, ó gbé mikró síwájú rẹ̀, ó ní kó máa kọrin. Adéoyin kọ ọ́:

Èmi àti ìyáálé mi, a jọ gbin òwú,
Òwú tó kún oko ló kún ilé,
Ẹ bá wa kí ọmọ tó jogún òwú,
Òwú wa ò ní tán láyé.

Nígbà tó parí, Rodolphe bi í pé ta ni yóò gbè é. Adéoyin ní ẹni tó ń gbè é kò lè rìn dé ibí. "Kò léwu, Màmá," Rodolphe dáhùn, "ẹ̀yin náà lẹ máa gbè é fún ara yín." Ó ní kó kọ ègbè náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì to ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ara wọn nínú ọ̀dínátọ̀, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ ibì kan, ó tún tẹ ibòmíràn, ó ní kí ó gbọ́.

Ẹnu ya Adéoyin. Ohùn tó ń jáde níbẹ̀ kò ní eyín kankan tó yọ. Ohùn ọmọ ogún ọdún ni, ó ń dán, ó ń lọ tààrà, kò gbọ̀n, kò yà sí ọ̀tún, kò yà sí òsì. Adéoyin mẹ́rin sì wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbè é. Ó ní kí Rodolphe tún un fi sí i. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń mi orí, inú rẹ̀ ń dùn sí ara rẹ̀ bí ẹni tó bá àwòrán ìgbà ọmọge rẹ̀ pàdé. Kò gbọ́ àléébù kankan. Ẹni tó bá kọ orin fúnra rẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló máa ń gbọ́. Kí ó tó padà délé, Rodolphe ti fi orin náà ránṣẹ́ sí Raïssa, Raïssa náà ti fi í sórí Wasáàpù ẹgbẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Adéoyin gbé bàsíà lọ sídìí pọ́ǹpù. Bó ti yọ ni ẹ̀rín bú láàárín àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀. Sidonie ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Aládùúgbò wọn ni Sidonie, obìnrin tó jẹ́ pé bí kò bá tíì sọ ohun tó gbọ́ lánàá, oúnjẹ òní kì í dà lára rẹ̀.

"Adéoyin, a kí ẹ. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń tàn wá pé ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ràn ara yín, o wá fẹnu ara rẹ túṣu désàlẹ̀ ìkòkò."

"Kí ni mo sọ?"

"O ní ẹ jọ gbin owú! O ní owú yín ò ní tán láyé!" Sidonie wo apá ilé wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tó. "Àbájọ tí ìyáálé rẹ fi rù bẹ́ẹ̀. Òjòwú ò kúkú lẹ́ran láyà."

Adéoyin kò pọn omi mọ́. Ó gbé bàsíà òfìfo padà sílé, ó ní kí Raïssa tẹ orin náà kí òun gbọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, etí Sidonie ló fi gbọ́ ọ. Lóòótọ́ ni. Níbi gbogbo tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ láti pe òwú, ẹ̀rọ ti gbé e dìde. Òwú ti di owú. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ẹ̀rọ yí lóhùn, ṣùgbọ́n etí olùgbọ́ a máa tún irú wọn ṣe fúnra rẹ̀. Ti òwú kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ mìíràn ló bọ́ sí. Bí ìyàwó bá sì kọrin nípa ìyáálé rẹ̀, tí owú bá jáde níbẹ̀, ta ni yóò rò pé àṣìṣe ni? *Èmi àti ìyáálé mi, a jọ gbin owú. Owú tó kún oko ló kún ilé.* Adéoyin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ìyáálé mi ń kọ́?" ó bi Raïssa. "Ṣé wọ́n ti gbọ́ ọ?"

Raïssa kò lè gbójú sókè. "Mo fi hàn wọ́n lánàá, Màmá. Mo rò pé inú wọn á dùn. Èmi náà ò fetí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ohùn yín ló gbà mí lọ́kàn."

Ràhámọ̀tù wà níwájú yàrá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa ẹ̀wà. Adéoyin kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyáálé mi, ẹ ti gbọ́ orin yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ. Ohùn rẹ dùn."

"Kì í ṣe owú ni mo sọ. Òwú ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwú ni."

"Mo ti ní mo gbọ́, ìyàwó." Ó ń bá ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ tí Séidou ti kú, inú àwo kan ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ràhámọ̀tù bu oúnjẹ Adéoyin sọ́tọ̀, ó dé e, ó sì gbé e síwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ bí ẹni gbé oúnjẹ fún àlejò. Kò bú u, kò sì fajú ro. Bó bá bú u ni, Adéoyin ìbá mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Ó ṣí àwo náà wò, ó tún un dé. Ó mọ̀ pé bí ọjọ́ Sátidé bá pé tí ọ̀rọ̀ yìí kò tíì yanjú, ìyáálé òun yóò jókòó láàárín gbogbo obìnrin Kpankou, ẹ̀rín á sì máa sọ níbẹ̀, ohun tí àwọn méjèèjì fi ọdún mẹ́rìndínlógójì kọ́ yóò sì wó lójú gbogbo ayé.

Raïssa sunkún títí. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká pa ti ẹ̀rọ tì. Ẹ kàn fẹnu kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn á gbọ́ pé òwú ni."

"Kí n wá sá fún ẹ̀rọ?" Adéoyin ti dìde dúró, ó ti ń wá ìborùn rẹ̀. "Bí àlejò bá ṣi orúkọ ẹni pè, ṣé orúkọ la máa pààrọ̀ ni, àbí a máa kọ́ àlejò bí wọ́n ṣe ń pè é? Ẹ̀rọ tó ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ náà ni yóò tún un ṣe. Pe zẹ́mì fún mi."

Nígbà tó dé Kétu, Rodolphe fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀. Ó rò pé ó wá dúpẹ́ ni. Adéoyin kò jókòó. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lo fi ohùn mi ṣe?"

"Mo tún un ṣe ni, Màmá. Ohùn yín ń yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà níbì kan níbì kan. Ẹ̀rọ kàn gbé e padà síbi tó yẹ ni. Ó ti jùsì báyìí." Jùsì ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pe ohun tó bá tọ́.

"Ibi tó yẹ? Ta ló sọ ibi tó yẹ fún ẹ̀rọ? Ṣé ìyá rẹ̀ bí i sí Kpankou ni?"

Rodolphe fẹ́ ṣàlàyé. Ó ní báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo olórin, títí kan àwọn ńláńlá tó wà ní Kútọnu. Adéoyin gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró.

"Lédè Fọ̀n yín, kí lẹ̀ ń pe bàbá?"

Rodolphe sọ ọ́.

"Ó dáa. Tún un sọ, kí ohùn rẹ lọ sílẹ̀ pátápátá."

Rodolphe tún un sọ. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti di odò, Màmá!"

"Ṣé odò ló bí ọ?"

Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ọmọ tí wọ́n fi irú èdè bẹ́ẹ̀ tọ́ ni òun náà, ìyá rẹ̀ ìbá na ọwọ́ ìfọ́tí sí i bó bá pe bàbá rẹ̀ lódò, síbẹ̀ ó ti jókòó ti ẹ̀rọ náà pẹ́ débi pé etí ẹ̀rọ ló ti ń lò. "Kí ni mo wá sọ yín di, Màmá?" Adéoyin sọ fún un. Rodolphe dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sáàárín àwọn okùn iná rẹ̀.

"Dìde," Adéoyin ní. "Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo bá wá. Fi ohùn mi hàn mí."

Rodolphe yí ojú ọ̀dínátọ̀ sí i. Ìlà aláwọ̀ ewé kan ń lọ níbẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó ní ohùn rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe kọ ọ́ gan-an kí ẹ̀rọ tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí ẹ̀rọ tún ṣe wà lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi kátákátá tẹ̀. Adéoyin tẹ orí mọ́ ọn. Kò lọ ilé ìwé rí. Bí Raïssa bá gbé ìwé ẹgbẹ́ wá, àtàǹpàkò ló ń tẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí ìlà náà ti ń lọ tí orin ń lọ pẹ̀lú rẹ̀, ó rí i pé òun mọ ohun tí òun ń wò. Ó fi ìka tọ́ ibi tó jìn wọlẹ̀ kan.

"Ò," ó ní. Ó gbé ìka lọ sórí òkè tó tẹ̀ lé e. "Wú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá!"

"Dá a dúró. Pa ohùn rẹ̀, má jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Yí i lọ síwájú." Rodolphe yí i. Adéoyin wo ìlà tó tẹ́jú, tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀. "Oko." Ó wo èyí tó bẹ̀rẹ̀ láàárín tó wá fò sókè. "Ilé." Rodolphe ń yí i kiri láti dán an wò, ó ń fò láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí ìparí, ó ń padà sẹ́yìn, àmọ́ kò rí èyí tí obìnrin náà kò mọ̀. Ọjọ́ yẹn ni Adéoyin kọ́kọ́ kàwé láyé rẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló sì kà. Orí rẹ̀ wú. Ó wo gbogbo páálí ẹyin tó wà lára ògiri bí ẹni pé kí wọ́n wá jẹ́rìí.

Láti ìgbà náà, òun ló di ọ̀gá níbẹ̀. Wọ́n mú orin náà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀, Adéoyin á ní, "Yọwọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀." Ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti lè ṣìnà, á ní, "Síbí, jẹ́ kó bá wa dán an díẹ̀." Nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ohùn ogún ọdún yẹn ṣì wù ú, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kò burú lójú rẹ̀. Ọlọgbọ́n àlejò ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó kọ́ ọ lédè ilé.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò tán, Rodolphe na ìka láti pa ohùn tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ bà jẹ́ rẹ́. Adéoyin gbá a lọ́wọ́.

"Má pa á rẹ́."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ó ba yín lórúkọ jẹ́?"

"Jẹ́ kó wà. Kò sí àdúgbò tí kò ní Sidonie." Ojú rẹ̀ ti ń tàn. Ó ní kí Rodolphe gbé mikró wá, kí ó fi ohùn àṣìṣe náà sí àárín orin, òun nìkan, bí ẹni tó dá dúró lẹ́yìn ògiri ilé onílé tó ń ṣòfófó. Ohùn ẹ̀rọ náà á ní, *A jọ gbin owú!* Kó tó pa ẹnu dé, Adéoyin mẹ́rin á já lù ú: *Òwú ni, elétí dídi, òwú ni!* Á tún ní, *Owú wa ò ní tán!* Wọ́n á tún já lù ú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Rodolphe fò dìde lórí àga, ó ní ọdún méje tí òun ti ń fi ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́, òun kò rí ẹni tó fi àṣìṣe rẹ̀ dá orin rí. Adéoyin wò ó lójú. "O rí i báyìí," ó ní, "o rí i."

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tó padà délé. Kò dúró mu omi. Ó gba fóònù pọ́tábù Raïssa, ó lọ jókòó lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràhámọ̀tù, ó sì tẹ orin náà. Ràhámọ̀tù gbọ́ ọ tán. Níbi tí Adéoyin mẹ́rin ti já lu olófòófó, ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rín in.

"Ẹ̀rọ ló sọ òwú di owú?"

"Ẹ̀rọ ni, ìyáálé mi. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi kọ́! Kí ló máa mú mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí yín?"

Ràhámọ̀tù gbá èèpo ẹ̀wà jọ sójú kan, ó tún un fọ́n ká. "Mo rò pé o mọ̀ ni," ó ní. "Mo rò pé o ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí, o fi pa mọ́ra, o wá lọ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ ní Kétu nítorí pé n kò sí níbẹ̀."

"Mo mọ kí ni?"

"Pé mo jowú rẹ."

Ràhámọ̀tù kò wo ojú Adéoyin. Ó ní lọ́dún tí Séidou mú un wọlé, bó bá bẹ̀rẹ̀ orin ní yàrá rẹ̀, Séidou á dá òkèlè dúró ní agbedeméjì ẹnu. Oúnjẹ tí òun Ràhámọ̀tù sè á máa tutù, ọkọ òun á máa gbọ́ orin. Ó ní òun bẹ Ọlọ́run pé kí ohùn náà há. Ó sì há. Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, ikọ́ mú Adéoyin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè sọ̀rọ̀, ká má tíì sọ pé yóò kọrin.

"Mo rántí ikọ́ yẹn," Adéoyin ní. "Ẹ̀yin lẹ wò mí sàn. Oyin lẹ gbé wá fún mi."

"Láti ọjọ́ kìíní ni oyin yẹn ti wà lábẹ́ ibùsùn mi." Ràhámọ̀tù na ìka mẹ́ta sókè. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyàwó. Mò ń gbọ́ ọ tí ò ń wúkọ́, oyin wà lábẹ́ ibi tí mo sùn sí, n kò gbé e jáde. Inú mi ń dùn. Ìgbà tó di ọjọ́ kan, mo dá lọ sóko. Mo mú poro mi, mò ń ká òwú bọ̀, n kò gbọ́ ohùn kankan ní òdìkejì. Oko náà dákẹ́. Mo dé àárín, n kò bá ẹnì kankan pàdé. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún, mo dìde, mo lọ gbé oyin wá fún ọ. O sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ pé ìyáálé rẹ ló wò ọ́ sàn. Gbogbo ìgbà tí o bá sọ ọ́ ni mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kí n wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dun Adéoyin. Kò ní parọ́ pé kò dun òun. Ó rí ara rẹ̀ lórí ẹní, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń wúkọ́ títí àyà fi ń dùn ún, tó sì rò pé ikú ni. Ṣùgbọ́n ó tún rí ẹlòmíràn, obìnrin tó dá jókòó láàárín oko òwú tó ń sunkún nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbè lórin. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyáálé rẹ̀ mú, ọwọ́ náà le, ẹ̀gún ara èèpo òwú ti ya á kiri láti ọdún pípẹ́.

"Ẹ wá sọ ọ́ fún mi lónìí," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́."

"Tẹ pọ́tábù yẹn kó gbọ́ mi," Ràhámọ̀tù dáhùn. "Orin náà kò tíì pé."

Adéoyin tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e súnmọ́ ọn lẹ́nu. Ràhámọ̀tù wú ikọ́ díẹ̀, ó sì lé orin, òun tó jẹ́ pé gbígbè nìkan ló ti ń gbè láti ọjọ́ pípẹ́:

Owú ni mo kọ́kọ́ gbìn, èmi ni mo gbìn ín,
Mo rí i pé kò ṣe é jẹ, kò ṣe é wọ̀,
Mo hú u tigbòǹgbò tigbòǹgbò,
Òwú la wá jọ gbìn sójú rẹ̀.

Ohùn náà ya. Ó gbọ̀n, ó jábọ́ níbì kan, ó tún gun òkè. "Sọ fún ọmọ Abọ́mẹ̀ yẹn," ó ní, "kó má tún nǹkan kan ṣe níbẹ̀." Lálẹ́ ọjọ́ náà, inú àwo kan ni wọ́n ti jẹun, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Raïssa fi ohùn náà ránṣẹ́ sí Kétu, kò sì pẹ́ tí Rodolphe pè, ó ní òun ti fi í sí ìparí orin, òun kò sì fọwọ́ kàn án, ẹ̀rọ òun gan-an kò mọ ohun tí yóò fi ṣe.

Nígbà tí Sátidé pé, àwọn obìnrin kún ìta gbangba Kpankou fọ́fọ́. Àwọn ará Idigny wá lórí àlùpùpù ní mẹ́ta mẹ́ta, àwọn ti Adakplamè gun ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó òwú. Wọ́n gbé àga fún Ràhámọ̀tù síwájú, Adéoyin dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti gbọ́ orin orí Wasáàpù, wọ́n sì ti ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Raïssa tẹ orin náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e. Òwú jáde gẹ́gẹ́ bí òwú. Nígbà tí olófòófó dé tó ní wọ́n jọ gbin owú, tí Adéoyin mẹ́rin já lù ú, ẹ̀rín bú ní gbogbo ìta náà. Sidonie ló rín jù, ó ń lu itan, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kọ lórin.

Lẹ́yìn náà ni ohùn arúgbó náà dé. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. Wọ́n gbọ́ owú, wọ́n rò pé àwàdà ni, wọ́n tún gbọ́ *èmi ni mo gbìn ín*, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Orin parí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà nílé olórogún, ẹni tí kò sí nílé olórogún ní ìyàwó àbúrò ọkọ.

"Ta nìyẹn?" Sidonie béèrè, ohùn rẹ̀ sì kéré ju bó ti máa ń rí lọ.

Ràhámọ̀tù fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ gbé ara rẹ̀ dìde lórí àga. Ó pẹ́ kí ó tó nàró, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. "Èmi Ràhámọ̀tù ni," ó ní. "Èmi ni mo jowú, èmi ni mo hú u. Ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì wà lóko, kó lọ hú u."

Obìnrin Adakplamè kan nínú àwọn tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Àwọn tó kù gbà á, ó sì di ariwo, wọ́n ní kí Raïssa tún orin náà fi sí i, kó tún un fi sí i. Àwọn kan ń nawọ́ sí Adéoyin, wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, àmọ́ Adéoyin kò gbọ́ wọn. Arúgbó tó dúró ṣánṣán sórí orúnkún méjì tí kò dáa ló ń wò. Obìnrin Idigny kan tí kò mọ̀ rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Adéoyin fa aṣọ rẹ̀.

"Ìyáálé mi nìyẹn," ó ní, omi ti lé sí i lójú. "Ilé kan náà ni èmi àti wọn jọ ń gbé."